Nígbà Tí Ọmọ Mi Gbé Máòsì sí Ọwọ́ Òsì

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ọmọ mi obìnrin pè mí lórí fóònù láti Inísà. Èmi wà ní Ìkìrun níbí, mo ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tí wọ́n gbé wá fún mi. Ó kí mi, ó béèrè orúnkún mi, ó béèrè bóyá wọ́n ti mú iná wá ní àdúgbò wa. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́yìn ìkíni náà, nítorí kì í pẹ́ lórí orúnkún mi tó bẹ́ẹ̀.

"Màmá," ó ní, "mo ti rí ẹni tó máa ra kọ̀ǹpútà yẹn."

"Kọ̀ǹpútà wo?"

"Èwo ni mo tún ní? Ti ṣọ́ọ̀bù ni. Ará Ìbà ni ọkùnrin náà. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì òun á wá gbé e, òun àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti tábìlì pàápàá."

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì ìránṣọ mi. Mo ní kí ó má tíì gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé mò ń bọ̀ lọ́la.

Ọmọ yìí ló ṣìkejì nínú àwọn ọmọ tí mo bí. Inísà ni ilé ọkọ rẹ̀, Òkukù ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń tẹ lẹ́tà fún àwọn ènìyàn níbẹ̀, ó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń to ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó. Tí ẹ bá rí ìwé ìsìnkú ní agbègbè wa, tí àwòrán olóògbé dúró dáadáa láàárín, tí òdòdó yí i ká, tí orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ kò sì gun ara wọn lórí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló tò ó. Ọdún keje rèé tó ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbà òjò ni ọ̀kadà tó gbé e láti Inísà yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gúnlẹ̀. Ọrùn ọwọ́ náà ṣẹ́. Ilé ìwòsàn ṣe tiwọn, wọ́n dì í, wọ́n tú u, eegun so. Ṣùgbọ́n kò padà bọ̀ sípò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ti lo ọwọ́ náà fún ìgbà díẹ̀, ìka rẹ̀ á kú tipiri, ìrora á sì gùn ún dé ìgúnpá. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ ta kọ̀ǹpútà. Ó ní òun á máa ta omi inú ọ̀rá àti bisikíìtì níwájú ilé. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn, èmi náà ti ta omi rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ọmọ mi. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù yẹn, ńṣe ló dà bíi ẹni tó ń kó ẹrù òkú.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ bọ́ọ̀sì ní Ìkìrun. Nígbà tí a dé Inísà, òun náà wọlé, a sì jọ ń lọ sí Òkukù. Ó jókòó tì mí, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, bíi ohun tí ẹnìkan ní kí ó bá òun gbé dání títí òun á fi sọ̀ kalẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, mo ní kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí n wò ó. Ìwé kékeré ni mo kà, ìwé mẹ́rin péré, nǹkan tí mo bá sì fẹ́ mọ̀, ojú ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ títẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń pín ìyẹn ṣe. Máòsì ni. Ohun kékeré kan ni, kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, wáyà wà ní ìdí rẹ̀. Bí ó bá ṣe ń tì í lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni ọfà kékeré kan ń rìn lójú kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì méjì ló wà lórí rẹ̀. Ti apá òsì ló ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀, ìka ìlábẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ti apá ọ̀tún ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìwé ìgbéyàwó kan ló ń tò lọ́wọ́. Ó fẹ́ fa òdòdó lọ sí ìsàlẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, ó ń fà á bọ̀, ọwọ́ gbọ̀n, ìka yẹ̀, òdòdó já bọ́ sórí ọkọ ìyàwó nínú àwòrán. Ó tún un ṣe. Ó tún já bọ́ síbẹ̀.

"Ọkọ ìyàwó ti dé adé," mo ní.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kejì di ọrùn ọwọ́ náà mú. "Ẹ ti rí i, Màmá? Òdòdó kan ṣoṣo. Ká ní tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti parí ìwé yìí."

"Kí ló dé tí o kò gbé e sí ọwọ́ òsì?"

Ó yíjú wò mí. "Ẹ̀yin ni ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, Màmá?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ níkẹyìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó ń lọ.

Ọmọ yìí, ọwọ́ òsì ló gbé wá sáyé. Òsì ló fi ń mú ṣíbí, òsì ló fi ń ju òkúta, òsì ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Àwọn ènìyàn á gba nǹkan náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á wo ojú mi. Ìyá ọkọ mi ní, "Ṣé bí o ṣe máa tọ́ ọ nìyí?" Ojú tì mí. Ẹni tó ń fi òsì kí ènìyàn, tó ń fi òsì jẹun, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ohun tí mò ń rò nìyẹn. Mo gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára aṣọ tó ṣẹ́ kù nídìí máṣíìnì mi. Nígbàkúùgbà tí oúnjẹ bá ti délẹ̀, mo máa ń de ọwọ́ òsì náà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ó sunkún, sunkún, nígbà tó yá kò sunkún mọ́. Á wá bá mi fúnra rẹ̀, á na ọwọ́ náà sí mi pé kí n dè é kí òun lè jẹun. Kí ó tó wọ ilé ìwé, ó ti di ọlọ́wọ́ ọ̀tún, gbogbo ènìyàn sì yìn mí. Ohun kan ni mo rí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni: bí wọ́n bá na nǹkan sí i, ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó gbà á, bíi ẹni tó ń wò ó bóyá wọ́n máa nà án.

"Èmi ni mo sọ ọ́," mo dá a lóhùn. "Gbé e sí òsì."

Ó gbé e sí òsì. Wáyà rẹ̀ kò gùn, a ní láti fà á gba ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Bí ó ti gbé ọwọ́ lé e, ọwọ́ náà balẹ̀, kò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n wàhálà míràn dé. Ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sórí bọ́tìnnì apá ọ̀tún. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, pátákó kékeré kan á fò jáde lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ á kún inú rẹ̀ bámúbámú. Á pa á dé, á tún fò jáde. Mo ní kó yí máòsì náà po, kí wáyà kọjú sí i. Ó yí i po. Ó tì í lọ sókè, ọfà lọ sílẹ̀. Ó tì í lọ sọ́tùn-ún, ọfà sá lọ sósì. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa, lẹ́yìn náà ó tì í síwájú, ó gbé orí lé tábìlì.

"Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún, Màmá. Ẹ jẹ́ kí ará Ìbà máa gbé e lọ."

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ọmọ iṣẹ́ kan tí mo gbà nígbà kan tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Sísọ́ọ̀sì mi kì í gé aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ńṣe ló ń jẹ ẹ́ wúruwùru. Mo pariwo lé e lórí fún oṣù bíi mélòó kan. Àfi ọjọ́ tí ìyá kan tó ń ta ohun èlò aránṣọ fi hàn mí pé wọ́n ń ṣe sísọ́ọ̀sì fún ọlọ́wọ́ òsì, pé ẹnu abẹ rẹ̀ ni wọ́n kàn yí padà. Mo ra ọ̀kan. Ọmọ náà gé aṣọ bí ẹni gé ẹ̀kọ. Kò sí nǹkan tó ṣe é látilẹ̀.

"Ṣé kò ní í sí ibi tí wọ́n ti lè yí i padà?" mo béèrè. "Kí ti ọ̀tún máa ṣe iṣẹ́ ti òsì, kí ti òsì máa ṣe ti ọ̀tún?"

"Màmá, kì í ṣe bọ́tìnnì ẹ̀wù, tí ẹ máa já lọ́hùn-ún kí ẹ rán an síhìn-ín."

Ó gbé orí sókè. "Ẹ dúró ná."

Kò fi ọwọ́ kan máòsì. Lórí kíbọ́ọ̀dù ló ti ń tẹ̀ ẹ́, tó ń wọ inú ilé kan bọ́ sí òmíràn nínú kọ̀ǹpútà náà, títí tó fi dé ibi tí wọ́n ti ń to máòsì. Ọdún méje tó fi ń lò ó, kò wọ ibẹ̀ rí. Ó ń ka ohun tó rí fún mi ní Yorùbá.

"Wọ́n ní èwo ni kí ó jẹ́ bọ́tìnnì àgbà, ṣé ti òsì ni àbí ti ọ̀tún."

"Mú ti ọ̀tún."

Ó mú ti ọ̀tún. Ó yí máòsì padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì lé e, ó fi ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Pátákó kò fò jáde. Ó tẹ òdòdó, òdòdó dúró de àṣẹ.

"Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí?" mo ní.

"Ó ti wà níbẹ̀, Màmá."

N kò fẹ́ purọ́ fún yín pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Ọwọ́ òsì náà kò mọ iṣẹ́. Ọfà ń fò kọjá ibi tó fẹ́ kó dúró. Mo sọ fún un pé a kì í fi ọmọ iṣẹ́ tuntun sídìí máṣíìnì oníná, ti ẹlẹ́sẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀, kó wò ó bóyá wọ́n lè dín eré ọfà náà kù. Wọ́n lè dín in kù lóòótọ́: ìlà kan ni, bíi òwú tí wọ́n ta kókó sí lára, ó kàn fa kókó náà padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni títẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, pa-pa, tí ọwọ́ òsì kò lè yára ṣe. Ibẹ̀ náà ní kókó tirẹ̀. Àwòrán àpò ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń dán an wò, bí ó bá gbọ́ ohun tí o tẹ̀, á ṣí. A ń fa kókó náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí àpò náà fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti fífà. Ó rí ibi kan tó jẹ́ pé tó bá ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó lè gbé ìka kúrò, nǹkan náà á sì máa tẹ̀lé e lọ láìjábọ́. Níkẹyìn ó sọ ọfà náà di ńlá, ó sọ ọ́ di dúdú, ó ní kí èmi náà lè máa rí ibi tí òun ń lọ.

Mo sùn ní Inísà. Lọ́jọ́ Rú, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ó kàn ń fa òdòdó káàkiri bí ọmọdé tó ń fi iyanrìn ṣeré. Mo bi í léèrè ará Ìbà. Ó ní òun kò tíì sọ nǹkan kan fún un, kí àwọn ṣì máa wò ó.

Ọjọ́bọ̀ ni bàbá kan wá láti Igbaye. Ìyá rẹ̀ ló kú, ìyá àgbàlagbà, ó sì mú àwòrán rẹ̀ wá nínú àpò ìwé, ó rọra mú un jáde bíi ẹyin. Ó fẹ́ ìwé ìsìnkú, ó sì fẹ́ jókòó wò ó bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ọmọ mi wò mí. Mo mi orí sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Ó ti gbé àwòrán náà sí àárín kí bàbá tó kíyè sí i.

"Ọmọ mi, ọwọ́ òsì lo fi ń ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Àwòrán ìyá mi?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Bá mi gbé e sí ọ̀tún. Mi ò fẹ́ jà o. Ìyá mi kò fi òsì júwe ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni rí láyé, a ò wá ní í fi òsì tò ó ránṣẹ́ sọ́run."

Ọmọ mi kò jiyàn. Kíá ló gbé máòsì padà sí ọ̀tún, bó ṣe máa ń na ọwọ́ wá fún mi nígbà náà pé kí n dè é. Mo rí i. Ọwọ́ ọ̀tún náà kò gbádùn, a sì ti yí bọ́tìnnì padà. Pátákó fò jáde. Ó ń gbìyànjú láti pa á dé, ọwọ́ gbọ̀n, àwòrán náà fò kúrò láàárín, ó lọ há sí etí ìwé, ìdajì orí ìyá náà pòórá.

"Yéè!" bàbá fò dìde. "Orí ìyá mi dà?"

"Bàbá," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Orí ìyá kò sọnù. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín."

Ó jókòó.

"Ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ ń wò yẹn ti ṣẹ́. Èyí tó kù, òun gan-an ni Ọlọ́run fún un láti ilẹ̀, èmi ni mo fi aṣọ dè é mọ́ ọn lára nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Tí ẹ bá fẹ́ bínú sí ẹnìkan, èmi rèé."

Ọmọ mi kò yíjú. Bàbá wò mí, ó wò ó.

"Aṣọ lẹ fi dè é?"

"Aṣọ ni. Nígbà oúnjẹ."

"Ẹ ṣàánú rẹ̀," bàbá ní. "Ata ni ìyá mi fi pa tèmi." Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ náà bíi pé ata ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, kò sì jẹ́ kó pa òun nítorí òkú. Ó wá sọ fún ọmọ mi pé, "Lo èyí tó bá yá ọ lára. Kí orí ìyá mi ṣá ti pé."

Orí ìyá rẹ̀ pé. Òdòdó yí i ká, orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ tò lọ rẹrẹ. Nígbà tí ìwé jáde nínú ẹ̀rọ, ọwọ́ méjèèjì ni ọmọ mi fi gbé e fún un.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà sí Inísà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Màmá, mi ò mọ̀ pé ẹ rántí."

"Mo rántí," mo ní. "Pẹ̀lẹ́."

"Ó ti pẹ́, Màmá."

"Pẹ̀lẹ́ náà."

Ará Ìbà dé ní ọjọ́ Ẹtì, òun àti ọkọ̀ tó máa kẹ́rù. "Àǹtí, ẹ ti tú wáyà?"

Ọmọ mi wà nídìí iṣẹ́. Ó dìde, ó fún un ní omi, ó ní kó má bínú, òun kò tà á mọ́.

"Ẹ̀ẹ́n! Lẹ́yìn tí mo ti gbé ọkọ̀ wá? Ẹ jẹ́ kí n kúkú rí i, bóyá ẹ á yí ọkàn padà." Kó tó di pé a dá a dúró, ó ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó fa máòsì sọ́tùn-ún. Ó tẹ̀ ẹ́, pátákó fò jáde. Ó tún un tẹ̀, ó tún fò jáde. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. "Ọfà rẹ̀ ti wú! Ó ti dúdú! Kò sì lè sáré!" Ó dìde bíi ẹni tí iná jó. "Nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ tà fún mi nìyí? Ọlọ́run ló kó mi yọ."

A kò sọ nǹkan kan fún un. A sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, a ní kó kí àwọn ará ilé. Ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ yí kọ́nà tán ni ọmọ mi tó di ògiri mú tó ń rẹ́rìn-ín.

Ṣọ́ọ̀bù náà ń ṣí títí di òní. Ó sọ fún mi pé ọwọ́ òsì ti ń sáré, pé òun ti fa kókó eré náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ ọ̀tún ń sinmi, ara rẹ̀ sì ń fúyẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá mo lọ kí wọn ní Inísà. Mo bá a nínú ilé ìdáná, ó ń rẹ́ ilá, ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Ọwọ́ òsì ló fi mú ọ̀bẹ. Ilá náà ń jáde wẹ́wẹ́, ó dọ́gba, ó ń yára. Ó gbúròó mi, ó yíjú, ó sì dúró, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ojú mi.

Mo fa àga kékeré, mo jókòó. Mo ti abọ́ ilá tó kù sún mọ́ ọn.

"Èyí tó kù nìyí," mo ní. "Ebi ń pa mí."